Ìkùukùu Barovia: Bí A Ṣe Ń Tún Ìtàn Ẹ̀rù Àtijọ́ Pa

Bí ènìyàn márùn-ún bá jókòó yí tábìlì kan ká lálẹ́, tí ìwé pélébé wà níwájú olúkúlùkù, tí pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ wọn, tí dáìsì kan tí ó ní ojú ogún, tí kò jọ ti lúdò àwọn ọmọ wa tí ó ní ojú mẹ́fà péré, sì ń yí gbirigbiri láàárín wọn, ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lè rò pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta. Tẹ́tẹ́ kọ́. Ìtàn ni wọ́n ń pa. Ọ̀kan nínú wọn ni apìtàn, tí àwọn tó ni eré náà ń pè ní Dungeon Master. Òun ni ó mọ ìlú tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, òun ni ó ń fọhùn bí ọba, tí ó ń húkọ́ bí arúgbó, tí ó sì ń bú bí ẹranko. Àwọn yòókù, ẹni kan ẹ̀dá kan, ń wọ inú ìtàn náà lọ bí akọni, wọ́n ń wí pé, "Mo ti ilẹ̀kùn," tàbí pé, "Mo fa idà yọ," dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ilẹ̀kùn gbọ́ tàbí kò gbọ́.

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, gbé irú eré yìí síta fún títà, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Dungeons & Dragons, tí ilé iṣẹ́ TSR ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, sì ń tẹ ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka D. O. Fágúnwà kò ní ṣe àjèjì sí irú ayé tí ó wà nínú rẹ̀, ayé tí iwin ń bá ènìyàn jìjàkadì tí òkú sì ń dá alààyè lóhùn, àfi pé níhìn-ín òǹkàwé kì í jókòó wo ọdẹ: òun fúnra rẹ̀ ni ọdẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń dá oríṣiríṣi ayé sílẹ̀ fún àwọn eléré láti máa rìn nínú wọn, tí àwọn kan mọ́lẹ̀ rekete, tí àwọn mìíràn sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó dúdú yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó sì ń fi wọ́n ṣeré lónìí kì í ṣe àwọn tí a torí wọn kọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ aṣọ tí a dá fún baba kì í ṣàìkan abẹ́rẹ́ kí ó tó bá ọmọ mu.

Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, nítorí náà ilẹ̀ kan ṣoṣo ni n óò mú nínú wọn, ìyẹn Ravenloft. Tracy Hickman, ẹni tí ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Laura, sọ pé inú eré ẹlòmíràn ni òun wà, tí òun ń ti yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí òun ṣàdédé kan òkú amùjẹ̀ níbẹ̀, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní vampire, tí ó dúró gbagidi láìnídìí bí ẹrù tí onímọ́tò gbàgbé sí ìdíkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Kí ni abàmì bẹ́ẹ̀ ń wá níbẹ̀? Ta ni ó jẹ́ kí ó tó kú? Kí ni ó ṣe tí isà òkú fi kọ̀ ọ́? Tọkọtaya náà jókòó ti ìbéèrè wọ̀nyí títí ìdáhùn rẹ̀ fi di ìwé, TSR sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1983, ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 32 tí àwọn eléré kò gbàgbé títí di òní.

Ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ni Strahd von Zarovich: Strahd ajagun-gbàlú, akọ́lé-sórí-àpáta, ọba tó fi ìkùukùu mọ odi yí ìlú rẹ̀ ká, àgbà ọ̀gànjọ́ tí òòrùn kò gbọdọ̀ fojú kàn. Ojú ogun ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ tán. Nígbà tí ó ṣẹ́gun àfonífojì Barovia, ó kọ́ ilé olódi sí orí òkè, ó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀, Ravenovia, sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni àbúrò rẹ̀ Sergei dé, arẹwà ọ̀dọ́mọkùnrin, tí Tatyana, ọmọbìnrin ará ilẹ̀ náà, sì di àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ojú Strahd wọ ọmọbìnrin yìí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò rí i ju ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ, àní ẹ̀gbọ́n tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Strahd bá ikú mulẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ó pa àbúrò rẹ̀, tí ó sì gbá tẹ̀lé ìyàwó, tí ìyàwó náà fi ara rẹ̀ jù sínú ọ̀gbun kàkà kí ọwọ́ rẹ̀ tó o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ta á ní ọfà, kò kú. Títí di bí a ti ń wí yìí, kò kú. Ìkùukùu bo ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò rí ọ̀nà jáde, olúwa rẹ̀ pàápàá kò rí ọ̀nà jáde. Bí ìran kan ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀ ni a sì ń bí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú Tatyana, tí Strahd yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ rẹ̀. Èyí tí àwọn akọni yóò bá pàdé ni Ireena, ọmọ tí baálé abúlé Barovia gbà tọ́.

Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ tọkọtaya yìí kì í ṣe òkú náà bí kò ṣe káàdì. Kí ìrìn àjò tó jìnnà, àwọn akọni á yà sí àgọ́ ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Madam Eva, ìyá á da káàdì sílẹ̀ fún wọn, káàdì lásán tí à ń fi ṣeré ní ilé ni ti ìwé 1983 yẹn, bí káàdì bá sì ti jáde sí ni yóò sọ ibi tí idà tí ń tàn bí òòrùn wà, ibi tí àmì mímọ́ wà, ibi tí ìwé tí Strahd fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà, àti ohun tí Strahd gan-an ń wá kiri ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lónìí ó lè wà nínú ibojì, lọ́la kí ó wà ní òkè àjà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn arúgbó eléré ń pariwo pé bí a ṣe bá Ravenloft ni kí a fi í sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án ba ogún baba jẹ́, ẹnu a máa yà mí: àwọn tó ni ogún náà fúnra wọn ni wọ́n da káàdì sí àárín rẹ̀, kí ìtàn náà má baà rí bákan náà ní ilé méjì.

Ní 1990 ni Bruce Nesmith àti Andria Hayday sọ ilé olódi kan di odindi ayé. Wọ́n fi ilẹ̀ kún ilẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú olúwa búburú tirẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ní Lamordia ni oníṣègùn Mordenheim wà, tí ó ran ẹran ara òkú pọ̀ tí ó sì mí ẹ̀mí sí i, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ nípa Frankenstein tí Mary Shelley gbé jáde ní 1818 mọ igi tí a ti ṣẹ́ ẹ̀ka yìí. Ní Falkovnia ni Vlad Drakov, ajagun tí ń gun ọmọ ènìyàn mọ́ igi. N kò ní ka gbogbo wọn tán. Wọ́n ṣe òfin kan tí mo gbà pé ó jinlẹ̀: bí akọni kan bá ṣe ìkà, ìbáà jẹ́ nítorí ire, ìbáà jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i, apìtàn á yí dáìsì, bí dáìsì bá sì bọ́ sódì, àwọn agbára òkùnkùn tí ó ni ilẹ̀ náà á fún un ní ẹ̀bùn, ó lè jẹ́ ojú tí ń ríran lóru, pẹ̀lú ègún tí yóò máa tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni akọni yóò máa jọ ẹni tí ó wá pa.

Níbi tí wọ́n ti gbọ́n tó báyìí ni wọ́n ti ṣìnà. Nínú ayé yìí, àwọn ènìyàn kan wà tí a ń pè ní Vistani, àwọn nìkan ni ìkùukùu ń yà fún. Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin aláwọ̀ mèremère ni ilé wọn, wọ́n ń woṣẹ́, wọ́n ń jó yí iná ká, wọ́n ń mutí, wọ́n ń jalè, bí wọ́n bá fi ojú burúkú wo ènìyàn, ègún dé nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni amí Strahd. Ìran ènìyàn kan wà láyé ńbí tí ẹ̀sùn wọ̀nyí ti wà lọ́rùn wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ìyẹn àwọn Roma, tí àwọn baba ńlá wọn ti Íńdíà wá sí Yúróòpù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn Hickman kò dá àwòrán yìí yà. Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ti ní in nínú Dracula tí ó jáde ní 1897: ẹni tí wọ́n há mọ́ ilé òkú amùjẹ̀ ju lẹ́tà àti owó wúrà láti ojú fèrèsé sí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́, wọ́n tẹríba, wọ́n gba owó, wọ́n sì lọ kó lẹ́tà náà lé ẹni tó há a mọ́lé lọ́wọ́.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní Wallachia àti Moldavia, ilẹ̀ tí ó di ara Romania lónìí, ẹrú ni àwọn Roma, tí ìjọba, ìjòyè àti ilé ìjọsìn ń fi wọ́n tọrẹ, tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà wọ́n, títí di nǹkan bí ọdún 1856. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ni ìjọba Hitler pa. Ẹ kíyè sí i pé agbègbè yìí gan-an, níbi tí wọ́n ti fi wọ́n ṣe ẹrú, ni òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù máa ń yà ilẹ̀ òkú amùjẹ̀ rẹ̀ sí, tí yóò sì sọ ẹrú àná di amí ọlọ́lá tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún etí ọmọ Yorùbá ohun tí ó wà nínú kí a ta ènìyàn, kí a tún fi í ṣe ìtàn ìdẹ́rùbà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ìtàn àròsọ ni, pé kí ló kàn wá. Èmi náà gbà pé ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ̀rù Strahd kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé kò sí ẹbí òkú amùjẹ̀ kan tí yóò wá bá wa ṣẹjọ́; ẹ̀rù àlejò tí ó wọ aṣọ mèremère ni ó ń ba ti àwọn tó wà láàyè jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó fi í ṣeré lálẹ́ yóò bá àlejò bẹ́ẹ̀ pàdé ní ọjà bí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ń tún ayé dúdú ṣe nìyí: kì í ṣe láti tan fìtílà sí gbogbo igun, bí kò ṣe láti wo ẹni tí a gbé ẹ̀rù náà lé lórí, kí a sì gbé e kúrò ní orí aláìṣẹ̀ padà sí orí ẹni tó ni ín.

Ní 1997 ni ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR, nígbà tí ó sì di 2016 wọ́n gbé Curse of Strahd jáde, ìwé ńlá tí wọ́n fi iṣẹ́ 1983 yẹn ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì pe àwọn Hickman padà sí ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Tracy Hickman kọ sí i, ó ṣe ohun kan tí inú mi dùn sí: ó kọ̀ fún àwọn tí ó sọ òkú amùjẹ̀ di olólùfẹ́ oníbànújẹ́ tí obìnrin lè fi ìfẹ́ wò sàn, ó ní ẹni tí ń jẹ ẹlòmíràn ni, pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti wá. Òótọ́ ni. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ń ka ìtàn Tatyana bí ìtàn ìfẹ́ tí kò rí ojúure; lónìí kò ṣòro láti rí i pé ọkùnrin tí wọ́n sọ pé rárá fún, tí kò gbà, ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a yọ nínú ìtàn náà, síbẹ̀ ó tún ṣókùnkùn sí i. Ìwé yẹn náà ni ó sọ pé ọ̀pọ̀ ará Barovia kò ní ọkàn nínú mọ́, ìkarahun lásán ni wọ́n, tí kò sí ọ̀yàyà lára wọn. Nígbà tí apìtàn bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ kí akọni kan dá àpárá ní ilé ọtí, tí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, gbogbo tábìlì á pa lọ́lọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé 2016 yìí kan náà tún gbé Vistani ọ̀mùtí àti amí padà wá, ariwo sì pọ̀. Ní 2020 ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ ní gbangba pé ohun tí àwọn kọ nípa Vistani kò dára, nígbà tí wọ́n sì tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n yọ gbólóhùn kan níhìn-ín, wọ́n pa òmíràn dà lọ́hùn-ún. Ezmerelda, ọmọbìnrin Vistani tí ń dọdẹ àwọn abàmì, tí ó ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan, kò fi ẹsẹ̀ náà pamọ́ bí ohun ìtìjú mọ́. Mo gbóríyìn fún èyí, ṣùgbọ́n n kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí a yọ èébú kúrò lára rẹ̀ láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀, aláìlórúkọ ni a sọ ọ́ dà.

Ti 2021 ni mo yọ̀ sí. Nínú Van Richten's Guide to Ravenloft, àwọn Vistani di ènìyàn bí ènìyàn: ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwà àti ọ̀nà tirẹ̀, ìmọ̀ ìrìn inú ìkùukùu sì di ọgbọ́n tí wọ́n fi ń là, tí wọ́n sì fi ń yọ ẹlòmíràn. Mordenheim di obìnrin, Viktra, tí ó fi ọkàn àtọwọ́dá sí àyà Elise ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí Elise sì sá fún un lọ. Drakov náà di obìnrin, Vladeska, tí òkú tí ń rìn wá dó ti ìlú rẹ̀. Sísọ ọkùnrin di obìnrin nìkan kì í ṣe àtúnṣe, agbádá ni a bọ́ tí a fi ìró rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Viktra yè kooro, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ ti kúrò ní ti onímọ̀ tí ó gbọ́n ju Ọlọ́run lọ, ó di ti ẹni tí kò bi ẹni tí ó fẹ́ràn léèrè ohun tí ó fẹ́. Wọ́n tún fi òfin ìbẹ̀rù àti ìdààmú ọkàn rọ́pò òfin àtijọ́ tí ń fi dáìsì sọ akọni di wèrè, ó sì tọ́, nítorí pé àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ohun tí à ń yí sára ẹlòmíràn bí ayò.

Àwọn ògbólógbòó kò yọ̀. Ó dùn wọ́n pé àwọn ilẹ̀ tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn tẹ́lẹ̀ ti di erékùṣù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìkùukùu, pé máàpù tí wọ́n há sórí kò wúlò mọ́. N kò bá wọn jiyàn lórí máàpù. Ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun: àwọn ìwé àtijọ́ náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ránpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ó ku apá kan tí ìwé kò lè bá apìtàn ṣe, ti ìdí tábìlì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìdí nìyí tí apìtàn òde òní fi ń pe àwọn eléré rẹ̀ jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọn kò fẹ́ rí. Òǹkọ̀wé eré kan, Ron Edwards, ti pín in sí ọ̀nà méjì ní 2003: ohun tí a fi ìlà sí, kò gbọdọ̀ wọ inú ìtàn rárá, ohun tí a ta aṣọ ìkélé sí, ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ ni. John Stavropoulos ní tirẹ̀ fi káàdì kan kún un, páálí kékeré tí a kọ X sí, tí a gbé sí àárín tábìlì, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn, tí apìtàn yóò sì yẹ ọ̀nà ìtàn náà padà láìbéèrè ìdí.

Ká wo bí ó ti ń rí. Ilé ọlọ kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Barovia, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí apá rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Morgantha sì ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ó ń ta àkàrà òyìnbó gbígbóná tí ń jẹ́ kí ẹni tó jẹ ẹ́ lá àlá dídùn, tí kò ní rántí Barovia títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí kò bá ní owó, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi san án, egungun ọmọ náà ni wọn yóò sì lọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú ọmọ, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn akọni ti gun àtẹ̀gùn, àwọn apá ọlọ ń dún kẹ́-ẹ̀-kẹ́ lóde, òórùn bọ́tà àti ṣúgà gba gbogbo ilé, apìtàn ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn àgò tí ń bẹ lókè, ó ti la ẹnu pé ohùn kékeré kan ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Ọwọ́ kan jáde láti igun tábìlì, ó kan káàdì.

Apìtàn kò wo ojú ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ó pa ìwé dé, ó ní: "Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ ti rin ibùsọ̀ mẹ́ta kúrò ní ilé ọlọ náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó sọ̀rọ̀. Òórùn àkàrà náà ṣì wà lára aṣọ yín."